Àwa àti Ṣáínà Lórí Bọ́ọ̀dù Ọjọ́ Ajé

Àbíkẹ́yìn mi ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo nǹkan." Ìlà méjì ni mo rí, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé. Ó ní pupa ni Ṣáínà, àwọ̀ ewé ni Nàìjíríà, pé iye ọjà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń ṣe jáde lórílẹ̀-èdè méjèèjì ni wọ́n fi yà á, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge títí di ìsinsìnyí. Pupa ń gòkè lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Tiwa sùn sílẹ̀ gbalaja. Ó ní olùkọ́ àwọn ní pólì fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ rí, kí ó sọ ohun tí ó fojú rí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti sọ fún wọn pé tòun wà nílé.

Mo pòṣé. Mo ní kó gbé fóònù kúrò lórí ata mi. Ọmọ yìí rò pé ìtàn lásán lòun ń béèrè. Kò mọ̀ pé ohun tí mo ti gbé mì láti ohun tó lé ní ogún ọdún lòun fẹ́ kí n pọ̀ jáde. Mo ba orúkọ àgbàlagbà kan jẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ yìí, mo dákẹ́, mo sì ń lọ kí i lọ́dọọdún.

Bàsíà la ń ṣe. Bàsíà onírin tí wọ́n fi tánganran bò, tó funfun nínú, tó ní òdòdó pupa lára, irú èyí tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun, tí ìyàwó ń gbé lọ sílé ọkọ. Apapa ni ilé iṣẹ́ náà wà, lọ́nà Kirikiri, ẹsẹ̀ la sì fi ń rìn débẹ̀ láàárọ̀ láti Ajégúnlẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ló ni ín. Àwọn ọkùnrin á fi ẹ̀rọ tẹ páànù di bàsíà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rì í bọ inú tánganran tó ki bí ògì, wọ́n á gbé e sínú ààrò. Bó bá jáde, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sun ún. Lẹ́yìn ìgbà kejì ló tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ṣẹ́kà ni mí, ẹni tó ń yẹ ọjà wò kó tó jáde. Ọ̀pá igi kékeré kan ló wà lọ́wọ́ mi. Màá fi ìka mẹ́ta gbé ìdí bàsíà sókè, màá fi ọ̀pá kàn án létí, màá gbọ́. Èyí tó bá jinná á dún gooro, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó lọ. Èyí tí tánganran rẹ̀ kò bá di irin mú á kàn dún kó, ó parí. Ojú kì í mọ ìyàtọ̀, funfun ni gbogbo wọn. Mo mọ̀ ọ́n gbọ́ ju àwọn ṣẹ́kà yòókù lọ, kì í ṣe ti ìgbéraga. Ẹ̀rọ lè máa pariwo lápá ọ̀tún, kí àwọn ọkùnrin máa bú ara wọn lápá òsì, etí mi á mú bàsíà tí kò dáa.

Lẹ́nu géètì tí a ń gbà wọlé, bọ́ọ̀dù dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìlà là sí méjì. Wọ́n kọ Apapa sí apá kan, wọ́n kọ Ṣáínà sí apá kejì, torí pé àwọn ọ̀gá wa ní irú ilé iṣẹ́ yẹn kan nílùú wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóómàn wa á gun àpótí, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye bàsíà tí a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, á sì kọ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó sọ fún wa ni pé láti Ṣáínà ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí máníjà.

Ẹ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síwájú ọmọ Ajégúnlẹ̀, kí ẹ wá wò ó. Àwa tí wọ́n bí sídìí bọ́ọ̀lù. Kò tó oṣù kan tí bọ́ọ̀dù fi di pápá. Láti ojú títì ni àwọn ọkùnrin á ti máa béèrè pé, "Wetin be score?" Bí tiwa bá ju tiwọn lọ, wọ́n á gbé fóómàn sórí èjìká, àwa obìnrin á máa fi ọ̀pá lu bàsíà tó ti bàjẹ́. Bí tiwọn bá ju tiwa, ẹ máa rò pé òkú ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó fún wa ní ife ẹ̀yẹ, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún owó oṣù wa. Ó kàn wù wá kí a na àwọn èèyàn tí a kò rí rí ni. Òmùgọ̀ ni wá, ṣùgbọ́n inú wa dùn, èmi kò tíì tún rí ibi iṣẹ́ tí inú èèyàn ti ń dùn bẹ́ẹ̀.

Fóómàn yẹn, ọmọ onílẹ̀ ni. Àwọn bàbá rẹ̀ ti wà ní Ajégúnlẹ̀ kí bàbá tèmi tó fi ẹrù lórí wá wáṣẹ́ sí Èkó. Ìdajì àdúgbò wa, ọwọ́ ẹbí rẹ̀ ni wọ́n ti ra ilẹ̀. Ó lè jókòó bí àwọn àbúrò rẹ̀, kó máa jẹ owó ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fẹ́ràn iṣẹ́ irin. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ bàsíà. Ṣẹ́kà ló ń pè mí, kò tiẹ̀ dájú pé ó mọ orúkọ mi.

Níbẹ̀rẹ̀, bí a bá jẹ lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, iná ọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wá bó ṣe ń ṣe gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ààrò wa máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Bí iná bá lọ nígbà tó kún, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di ọ̀ràn. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo rẹ̀ kò sí. Bí epo bá wà, páànù tí a fẹ́ tẹ̀ á wà ní wáàfù tí kò lè jáde. Páànù tó la òkun kọjá kò gbọ̀n, ọ̀nà Apapa tí kò tó ìrìn wákàtí kan lẹ́sẹ̀ ló máa wá há sí. Nígbà tí mo wo ìlà àwọ̀ ewé nínú fóònù ọmọ mi, inú bí mi. Ẹni tó yà á kò mọ̀ pé èèyàn ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ méjèèjì tì í sókè, nígbà tí àwọn kan wọ súùtù, tí wọ́n jókòó lé e lórí.

Nọ́ńbà Ṣáínà kò gbọ́ ti iná tiwa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi jẹ wá léra wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé keje, fóómàn gun àpótí, ó kọ tiwa, ó dúró díẹ̀, ó wá kọ tiwọn. Ìlọ́po méjì tiwa ni. Ó sọ̀kalẹ̀, ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé bí wọn yóò ṣe máa fi wá ṣẹ̀sín nìyí? Ṣé ọwọ́ tiwọn ju méjì lọ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, iná lọ nígbà tí ààrò kún dẹ́nu. Nígbà tí iná dé, wọ́n tún bàsíà náà sun, wọ́n kó o wá bá mi. Ó funfun, ó ń dán. Mo kan àkọ́kọ́, ó dún kó. Mo kan èkejì, kó. Òfin ni pé kí n dá gbogbo rẹ̀ padà, kí wọ́n ha á, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mo wá rò ó pé bí mo bá dá a padà, wọ́n ti tún jẹ wá nìyẹn. Mo mú ṣọ́ọ̀kì búlúù mi, mo fi àmì pé ó dáa sí i nídìí. Mo fi sí ti èkejì. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, fóómàn sì ń rìn kọjá lẹ́yìn mi bó ṣe máa ń ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, àwa la jẹ. Wọ́n jó dé títì. Èmi náà jó, mo tún fi ìdí jó.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni obìnrin kan dé géètì, ó pọn ọmọ, ó há bàsíà wa mọ́ abíyá. Ó ní omi gbígbóná lòun dà sí i tí inú rẹ̀ fi ń bó. Ó fi èékánná ha á níṣojú wa, tánganran ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ó yí ẹ̀yìn sí wa kí a lè rí ẹsẹ̀ ọmọ náà, ibi tí èyí tó bó ti gé e. Kò bú wa. Ó kàn gbé bàsíà kalẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwọn bọ̀, lápò, lápò.

Máníjà pe gbogbo wa jọ, ó ní ta ló fi àmì sí irú ọjà yìí. Omi tí wọ́n fi ṣan bàsíà kí wọ́n tó dì í ti pa àmì gbogbo wa rẹ́, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù. Fóómàn wo ilẹ̀, ó ní, "Èmi ni olórí wọn. Ọ̀dọ̀ mi ló ti bàjẹ́." Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n lé e. Mo dúró síbẹ̀ bí igi, mo jẹ́ kó lọ.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà fi tì. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i fún àwọn ọ̀gá wa. Wọ́n tú ẹ̀rọ tà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀nténà kó bàsíà wá láti ilé iṣẹ́ tiwọn. Èmi rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa ka páálí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, páálí kan ya, mo mú bàsíà kan níbẹ̀, mo fi ìka kàn án. Ó dún gooro. Mo jókòó sórí páálí, mo sunkún, ọ̀gá ibẹ̀ rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fóómàn ló burú jù. Àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Bàsíà Bíbó. Nígbà tí olórí ẹbí wọn kú, òun ló kàn, òun ni àgbà. Nínú ìdílé onílẹ̀, ẹni tó bá wà lórí àga yẹn ló ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, òun ló ń parí ìjà, àti mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ inú ẹbí ló ń kúnlẹ̀ fún un. Ẹbí ní ẹni tí kò lè ṣọ́ bàsíà kò lè ṣọ́ ilẹ̀ baba àwọn. Wọ́n fi àbúrò rẹ̀ jẹ. Àbúrò á jókòó sórí àga, ẹ̀gbọ́n á wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní gbogbo Kérésì ni mo ń se oúnjẹ lọ fún un, màá kúnlẹ̀, á ṣe àdúrà fún mi, àdúrà yẹn á sì máa ta mí lára títí di ọdún tuntun.

Lọ́dún yìí àbúrò náà kú. Àga tún ṣófo, mo sì gbọ́ pé wọ́n tún fẹ́ fo bàbá náà dá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ mi gbé ìlà méjì rẹ̀ dé kíṣìnnì. Bí mo bá tún dákẹ́ báyìí, ọkùnrin náà á kú sórí àpótí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo sọ fún ọmọ mi pé, "Múra. Mo fẹ́ mú ọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Ọ̀sán Sunday la lọ, mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù fún un lọ́nà. A bá bàbá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọmọ mi kí wọn, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Bàsíà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé bàbá yìí, èmi ni mo fi àmì sí i. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo fi í sí i torí kí a lè jẹ Ṣáínà lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi ni, kì í ṣe bàbá."

Èyí àgbà nínú àwọn àbúrò rẹ̀ dìde. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o wà nínú àdúgbò yìí, ò ń gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n wa, o dákẹ́?" Ó bú mi. Ó bú ibi tí wọ́n ti bí mi, ó bú àjèjì tí wọ́n fún nílẹ̀ tó sì ń ṣe ẹni tó fún un ní jàǹbá. Ó tọ́ sí mi. Àbúrò wọn obìnrin di bàbá náà mú, ó ń sunkún pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò jẹ̀bi, a sì fìyà jẹ yín." Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fẹnu kò pé àga di tirẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, bàbá náà kò sọ ju pé, "Ẹ ṣeun," lọ. Nígbà tó yá ló ní, "Dìde, Ṣẹ́kà."

Ó sìn wá dé ẹnu gọ́tà. Ara mi fúyẹ́, mo ti ń rò pé oorun á dùn mí lóru yẹn. Ọmọ mi ló rántí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà tó ń wá láti Ṣáínà nígbà yẹn, ta ni mo lè rí i gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Olùkọ́ wa á béèrè ibi tí mo ti rí i."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín kékeré. "Kò sí nọ́ńbà kankan tó ti Ṣáínà wá, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ ní kí ni?"

Ó ní, "Máníjà ló ní kí n máa wo tiwa, kí n máa kọ èyí tó máa mú yín tẹra mọ́ṣẹ́. Kí n jẹ́ kí ẹ máa jẹ nígbà mìíràn, kó má baà sú yín. Orí àpótí yẹn ni mo ti ń rò ó."

"Èyí tó jẹ́ ìlọ́po méjì tiwa ńkọ́?"

"Ẹ ti ń dẹwọ́ lásìkò yẹn. Máníjà tiẹ̀ ti sọ fún mi rí pé ilé iṣẹ́ tiwọn kéré, ààrò wọn ti gbó, pé àwa la ń ṣe jù."

Mo wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá ó gbọ́ bí bàsíà yẹn ṣe ń dún nígbà tó ń kọjá lẹ́yìn mi. Ó ní, "Èmi tí mo kọ́ ọ, ṣé mo dití ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ kò dárúkọ mi?"

Ó gbé ojú lọ sí òdì kejì títì. "Bí mo bá dárúkọ rẹ, wọ́n á bi ọ́ léèrè ìdí tí o fi ṣe é. Ìwọ á ní torí bọ́ọ̀dù, àṣírí nọ́ńbà á sì tú. Kí ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo àwọn ọmọ yẹn?"

Ọmọ mi fa aṣọ mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ká padà wọlé?" Àwọn àbúrò rẹ̀ ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìjókòó àga. Bàbá náà gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Ṣẹ́kà, mo ti darúgbó."

Mo ní ó dàbọ̀, mo fa ọmọ mi lọ. Ẹ má pè é ní àánú. Irọ́ tirẹ̀ kọ́ ló di ọwọ́ mi mú fi ṣọ́ọ̀kì sí ìdí bàsíà, ẹsẹ̀ ọmọ yẹn sì wà níbẹ̀ tí mo fojú mi rí. Bí mo bá padà wọlé, wọ́n á ní ẹ̀bi tèmi ni mo fẹ́ pín fún un.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ó ń bí mi di àárọ̀ yìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Ó bá a lóòótọ́, lẹ́nu gọ́tà, kí ló wá fi ṣe? Nígbà tí àwa wà níwájú, wọ́n purọ́ fún wa pé ẹ̀yìn la wà, a fi ìbẹ̀rù ẹ̀yìn ba iṣẹ́ ọwọ́ wa jẹ́, a sì wá dé ẹ̀yìn ní tòótọ́. Iná tó ń lọ, títì tí kò ṣeé rìn, ìjọba tí kò gbọ́, gbogbo rẹ̀ wà ńbẹ̀, n kò dá ẹnikẹ́ni sí. Ṣùgbọ́n àwa náà fi tiwa kún un. Ọmọ mi ní òun kò mọ bí òun ṣe máa kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo ní kó kọ pé ìyá òun kò rí àyè sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi bàbá náà jẹ olórí ẹbí, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rí ẹni tó ṣe é. Mo lọ. Àwọn obìnrin ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ara wọn bí mo ṣe ń kọjá. Nígbà tó kàn mí láti kí i, mo kúnlẹ̀ síwájú àga, wọ́n dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ bí màá ṣe tọrọ àforíjì. N kò tọrọ rẹ̀. Wọn kì í wo àgbà lójú, ìyá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé ojú sókè lórí ìkúnlẹ̀, mo tẹjú mọ́ ọn níṣojú gbogbo ẹbí rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbójú sílẹ̀.